Èlírí Ni Òṣùwọ̀n: Ìdáhùn Sáwọn Tí Ológbò Wọn Ń Yan Oúnjẹ

Ìwé tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́ lóṣù yìí lórí ológbò ju ti ajá lọ, bẹ́ẹ̀ irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti ń dáhùn ìbéèrè lójú ewé yìí. Ó yé mi. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, oúnjẹ ológbò tó ń tòkè òkun wá ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ilé. Ẹni tó ń ra odidi àpò tẹ́lẹ̀ ń ra èyí tí wọ́n wọ̀n sínú ọ̀rá, ẹni tó ń ra ti inú ọ̀rá sì ti padà sídìí ìkòkò ọbẹ̀. Mo mú mẹ́rin nínú àwọn ìwé náà, mo gé wọn kúrú, mo sì fi orúkọ àwọn tó kọ ọ́ pa mọ́.

ÌBÉÈRÈ

Dókítà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àdùkẹ́ ni mo ń pe ológbò mi, abo ni, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ó sì sanra dáadáa. Àbúrò mi tó wà l'Ékòó ló máa ń fi oúnjẹ gbígbẹ rẹ̀ ránṣẹ́. Lóṣù yìí ó ní òun ò rí i rà mọ́, ó wá fi oríṣi mìíràn ránṣẹ́. Àdùkẹ́ gbóòórùn ẹ̀, ó fẹsẹ̀ walẹ̀ nídìí abọ́ bí ẹni tó fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Láti àná àárọ̀, ẹja díndín díẹ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn ìbejì nìkan ló fẹnu kàn. Aládùúgbò mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé ebi ló máa kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ìyá mi náà ní ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ ni ológbò tiwọn jẹ dàgbà, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Kí ni mo lè fún un nínú ohun tó wà nílé?
Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ti Àdùkẹ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti aládùúgbò yín kúrò nílẹ̀, torí òun ló léwu jù. Ẹ má fi ebi kọ́ ológbò lọ́gbọ́n. Bí oúnjẹ ò bá wọlé, ara ológbò á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rá tó ti tò pa mọ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀ kó lè rí agbára lò, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ ológbò ò lè palẹ̀ ọ̀rá tó pọ̀ tó yẹn mọ́ kíákíá. Ọ̀rá á kún inú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á daṣẹ́ sílẹ̀, ojú àti inú etí á wá pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń ṣe. Èyí tó sanra bí Àdùkẹ́ ló sì tètè máa ń ṣe. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta láìjẹun ti tó kó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bó bá pé wákàtí 24 tí kò fẹnu kan nǹkan kan, ẹ pe dókítà ẹranko. Bó bá pé 48, ẹ gbé e lọ. Ti ọmọ ológbò ò gbọdọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Kẹ́ ẹ sì tó gbà pé ṣe ló ń yan oúnjẹ, ẹ la ẹnu rẹ̀ wò níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ológbò tó sáré wá sídìí abọ́, tó gbóòórùn, tó bu ẹyọ kan, tó wá jù ú sílẹ̀, eyín lè máa dùn ún. Èyí tí imú rẹ̀ dí kò ní jẹun, torí ohun tí kò gbóòórùn rẹ̀, oúnjẹ kọ́ lójú tirẹ̀. Èyí tó ti dàgbà, tó ń mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó sì ń rù, kídìnrín rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Àmọ́ tiyín, nígbà tó jẹ́ pé oúnjẹ yí padà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, tó sì jẹ ẹja díẹ̀, ó jọ pé oúnjẹ tuntun ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ ìyá yín ni mo fẹ́ dúró lé, torí òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ó ku ibì kan. Nílé ìyá mi àgbà ní Ìlá, ológbò kan wà níbẹ̀ tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Lálaalẹ́, màmá á bu òkèlè ẹ̀bà sórí àwo tó ti fọ́ létí, wọ́n á fìka tẹ àárín rẹ̀ kó jìn, wọ́n á bu omi ọbẹ̀ sínú kòtò yẹn. Ológbò á lá omi ọbẹ̀ tán, á jẹ ẹ̀bà díẹ̀. Àmọ́ bí mo bá jí lóru láti lọ tọ̀, mo máa ń gbọ́ ọ nínú àká àgbàdo. Gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, nǹkan á fò gbì, ohùn kékeré kan á ké, á tún dákẹ́. Bílẹ̀ bá mọ́, àá bá ìrù eku àti òróòro lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ẹ̀bà kọ́ ló tọ́ ológbò yẹn dàgbà. Eku inú àká ló tọ́ ọ, ẹ̀bà kàn ń bá a ti ìdí ikùn ni.

Ẹ wá wo èlírí kan ṣoṣo. Ẹran wà lára rẹ̀. Ọkàn wà, ẹ̀dọ̀ wà níwọ̀n bíńtín, egungun wà tí kálíṣíọ̀mù ti ń wá. Omi inú ara rẹ̀ tó ìpín 70 nínú 100, ohun tó jẹ mọ́ ìyẹ̀fun ò sì tó nǹkan. Ó ń gbóná wọ́ọ́rọ́ nígbà tí ológbò bá bù ú jẹ. Ológbò tó ń ṣọdẹ jẹ lè pa bíi mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́, díẹ̀díẹ̀, tọ̀sán tòru. Láti ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, èlírí ni mo fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá ológbò lè jẹ nǹkan báyìí, mo máa ń bi ara mi léèrè pé kí ni nǹkan yẹn ní tí èlírí ní, kí ló sì fi kù sí i. Àdùkẹ́ tiyín ò rí eku pa, mi ò sì fẹ́ kó pa á, torí májèlé eku àti ọ̀tapiapia tí wọ́n ń dà kiri àdúgbò. Eku tó ti jẹ májèlé ni kì í lè sáré mọ́, òun náà ló sì máa ń tètè bọ́ sọ́wọ́ ológbò. Àwa la gbọ́dọ̀ fi abọ́ ṣe èlírí fún un.

Ohun pàtàkì tó wà lára èlírí tí kò sí nínú ẹ̀bà, ìrẹsì, ẹ̀wà tàbí búrẹ́dì ni wọ́n ń pè ní táúrìn. Ara èèyàn ń ṣe tirẹ̀, ara ajá ń ṣe tirẹ̀. Èyí tí ara ológbò ń ṣe kò tó o lò, ó ní láti jẹ ẹ́. Lọ́dún 1975 làwọn onímọ̀ kọ ọ́ jáde pé ológbò tí wọ́n fi èròjà inú wàrà nìkan bọ́, tí kò rí táúrìn, ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀ ló kú. Lọ́dún 1987, Paul Pion àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California tó wà ní Davis, ní Amẹ́ríkà, tún rí i pé àìtó táúrìn kan náà ló ń mú kí ọkàn ológbò fẹ̀, kó sì rọ, títí tí kò fi ní lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde mọ́. Bí wọ́n ṣe fi táúrìn kún oúnjẹ àwọn tó ti ń ṣàìsàn, ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wọn padà bọ̀ sípò. Oúnjẹ tí wọ́n ń rà lọ́jà làwọn kan nínú àwọn ológbò yẹn ń jẹ o! Ẹ̀yìn ìgbà yẹn làwọn tó ń ṣe oúnjẹ ológbò fi táúrìn inú rẹ̀ kún. Mo sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé àìtó rẹ̀ kì í hàn lójú lọ́sẹ̀ kan. Ológbò á máa ṣeré, irun rẹ̀ á máa dán, títí ọjọ́ tó máa fi orí gbá ẹsẹ̀ àga torí kò ríran mọ́.

Inú ẹran àti ẹja ni táúrìn wà. Ó pọ̀ nínú ọkàn ẹran, ó sì pọ̀ nínú itan adìyẹ ju àyà rẹ̀ lọ. Omi ló máa ń yọ́ sí. Ẹni tó bá bọ ẹran tó wá da omi rẹ̀ nù ti da táúrìn nù mọ́ ọn.

Torí náà, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe lónìí nìyí. Ẹ ra itan adìyẹ, ẹ ní kí wọ́n fi ọkàn adìyẹ díẹ̀ sí i. Àwọn tó ń pa adìyẹ lọ́jà ní in, kì í sì wọ́n. Ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi díẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i, láìfi ata, àlùbọ́sà tàbí kúúbù tí à ń rún sọ́bẹ̀ sí i. Ẹ yọ awọ, ẹ yọ gbogbo egungun pátá, torí egungun adìyẹ tó ti jinná máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun. Ẹ ya ẹran náà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ bu omi rẹ̀ lé e lórí. Kẹ́ ẹ tó gbé e fún un, ẹ fẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èlírí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kó má jó yín, kó má sì tutù. Oúnjẹ tó ti inú fíríìjì bọ́ kì í rùn dé imú, bẹ́ẹ̀ imú ni ológbò fi ń pinnu kẹ́nu tó dá sí i. Abọ́ pẹlẹbẹ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì gbé e jìnnà síbi tó ń yàgbẹ́ sí.

Ológbò tó wọn kílò 4 nílò nǹkan bíi kálórì 200 sí 250 lóòjọ́. Ẹran adìyẹ tó ti jinná, tí kò láwọ, tí kò légungun, bíi gíráàmù 120 sí 140 ló máa gbé e débẹ̀. Ẹ pín in sọ́nà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹyin sísè náà dáa, ìdajì ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ ẹ má fún un ní tútù.

Ọ̀sẹ̀ kan, ó pẹ́ tán méjì, ni àgbàlagbà ológbò tára rẹ̀ le lè fi jẹ irú oúnjẹ yìí láìsí ìyọnu. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, èlírí á bẹ̀rẹ̀ sí í ju abọ́ yín lọ. Ẹran lásán ò ní kálíṣíọ̀mù tó, ara á sì lọ máa yọ ọ́ látinú egungun ológbò fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ológbò tí wọ́n fi ẹran lásán tọ́ máa ń tiro, egungun wọn á rọ títí tí bíbẹ́ sílẹ̀ láti orí àga fi lè dá a. Ẹ lè fọ èèpo ẹyin, kẹ́ ẹ yan án gbẹ, kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ kúnná bí ẹ̀lúbọ́. Ìdajì ṣíbí tíì ló ń lọ sí gíráàmù 450 ẹran. Ẹ̀dọ̀ náà wúlò, torí ibẹ̀ ni fítámì A ti ń wá, àmọ́ ìwọ̀n àtàǹpàkò lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó. Ológbò tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ lójoojúmọ́, egungun ọrùn rẹ̀ á so pọ̀, kò ní lè yí orí mọ́ láti la ẹ̀yìn ara rẹ̀. Àwọn kan ti sọ fún mi pé epo pupa làwọn fi ń rọ́pò ẹ̀dọ̀, nítorí pé ó dáa fún ojú. Ó dáa fún ojú tiwa. Ara tiwa ń sọ ohun pupa inú epo àti kárọ́ọ̀tì di fítámì A. Ara ológbò ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Fún èyí tó bá máa pẹ́, ẹ lọ bá dókítà ẹranko kó ṣírò oúnjẹ náà fún yín pẹ̀lú ìyẹ̀fun táúrìn àti fítámì tó kù. Ilé ìwòsàn ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti èyí tó wà ní FUNAAB, ìyẹn yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta, wà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ gbígbẹ tuntun yẹn ńkọ́? Ẹ má dà á nù. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé fún ológbò ni, pé ó pé láyè ara rẹ̀, ó ti ní táúrìn àti kálíṣíọ̀mù tí à ń wá kiri. Ẹ fi omi adìyẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ rin ín, ẹ dà á pọ̀ mọ́ ẹran, kó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin fún ọjọ́ mẹ́ta, kó di ìdajì, kó di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bíi ọjọ́ mẹ́wàá ni kẹ́ ẹ fi rìn ín. Bó bá kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ má kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu o! Ológbò tẹ́ ẹ bá fi tipátipá bọ́ lẹ́ẹ̀kan, á máa sá fún abọ́ yẹn títí.

Ó ku ẹja díndín tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn ìbejì. Bó bá jẹ́ ẹja lásán, kò burú. Bó bá jẹ́ inú ata díndín ló ti wá, ẹ jọ̀ọ́, kó má ṣẹlẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan gbé ológbò wá bá mi láàárọ̀ Mọ́ńdé kan lẹ́yìn òde tí wọ́n ṣe ní Sátidé. Mo ká ètè rẹ̀ sókè, èrìgì rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Ó tọ̀ sórí tábìlì mi, ìtọ̀ náà pọ́n dúdú bí omi sóbò. Ata díndín tó ṣẹ́kù níbi òde ni wọ́n fi ń bọ́ ọ láti ọjọ́ méjì, torí òun nìkan ló ń jẹ tayọ̀tayọ̀. Àlùbọ́sà ló ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi du ẹ̀mí rẹ̀ kó tó lè dá rìn. Gíráàmù 5 àlùbọ́sà fún kílò kan lára ológbò ti tó láti ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Fún Àdùkẹ́, ìdá kan nínú mẹ́rin àlùbọ́sà kékeré kan nìyẹn. Sísè ò pa á, díndín ò pa á, gbígbẹ ò pa á, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ kúúbù. Aáyù tún le jù ú lọ. A máa ń sọ pé ohun tó wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú. Mi ò jẹ́ fi òwe yẹn bọ́ ológbò láé.

ÌBÉÈRÈ

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ológbò mi kì í jẹ nǹkan mìíràn àfi sawa tútù tí mò ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹja inú yìnyín. Bí mo bá sè é, kò ní jẹ ẹ́. Ó ti tó oṣù mẹ́ta. Láti ìjẹrin mo rí i pé orí rẹ̀ ń tẹ̀ wá sí àyà, ó sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mutí. Ṣé oúnjẹ ni àbí àìsàn?
Bàbá Tíṣà, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ológbò yín. Mo ti pè yín lórí fóònù kí ìwé yìí tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́, torí ọ̀rọ̀ yín ò ṣeé fi sílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀. Mo ń kọ ọ́ síbí fún àwọn mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ ló di àìsàn. Nǹkan kan wà nínú ọ̀pọ̀ ẹja tútù, sawa wà lára wọn, tó máa ń ba fítámì B1 jẹ́. Ológbò tó ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ á jẹun yó, síbẹ̀ ọpọlọ rẹ̀ á máa kébi B1. Ìyá kan tó ń ta ẹja gbé irú ẹ̀ wá bá mi rí. Ológbò náà jókòó sórí tábìlì, àgbọ̀n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Mo fọwọ́ gbé orí rẹ̀ sókè, mo jọ̀wọ́ rẹ̀, ó padà sílẹ̀ bí orí ọmọ tuntun. Mo gún un ní abẹ́rẹ́ B1, mo tún un gún lálẹ́, mo ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo wọlé mo bá a tó ń wo aláǹgbá lára ògiri, orí ẹ̀ wà lókè. Tí wọn ò bá tètè gbé e wá, gìrì ló kàn, lẹ́yìn gìrì ikú ni.

Iná ń pa ohun burúkú inú ẹja yẹn, nítorí náà ẹ sè é. Kó má bàa kọ̀ ọ́, ẹ má sè é jinná gbẹ lọ́jọ́ kìíní. Ẹ fi ooru omi sè é títí tó fi funfun dé inú, ẹ yọ ẹ̀gún rẹ̀, ẹ gbé e fún un pẹ̀lú ooru lára. Ẹ wọ́n edé gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ sórí rẹ̀, ìwọ̀n tí ìka méjì lè ṣà. Edé lásán, tí kò ní ata tàbí iyọ̀. Òórùn edé ti bá mi ṣẹ́gun ológbò tó lágídí ju ti Bàbá lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dín ẹja kù, kẹ́ ẹ máa fi adìyẹ kún un, títí ẹja á fi di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹja ọlọ́ràá nìkan lójoojúmọ́, ì báà jinná, máa ń jẹ fítámì E inú ara rẹ̀ tán, ọ̀rá abẹ́ awọ á le, á máa dùn ún tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi iyọ̀ sí kì í ṣe tirẹ̀. Sàdíìnì inú agolo tí kò ní tòmátò àti ata ṣeé fi tàn án jẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan òróró àti iyọ̀ rẹ̀ kúrò.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ológbò kan ló wá gbé pẹ̀lú mi. Mo máa ń po mílíìkì inú agolo, mo ń fi ṣúgà sí i kó lè wù ú. Nígbà mìíràn mo ń bá a tọrọ oúnjẹ ajá lọ́wọ́ lándílọ́ọ̀dù. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN

O ṣeun tó o gbà á sílé. Jẹ́ kí ṣúgà rẹ máa wà fún tíì. Ológbò kì í mọ adùn ṣúgà rárá. Lọ́dún 2005 làwọn onímọ̀ ní Philadelphia rí i pé àbùdá tó yẹ kó fi mọ̀ ọ́n ti bàjẹ́ lára rẹ̀ láti ìran wá. Ọ̀rá inú mílíìkì ló ń lá. Àgbàlagbà ológbò kì í sì lè da mílíìkì dáadáa, ìgbẹ́ gbuuru ló máa ń fà. Omi lásán ni kó máa mu. Oúnjẹ ajá kò ní pa á bó bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ bó bá di ojoojúmọ́, ó máa pàdánù ojú àti ọkàn rẹ̀, torí wọn kì í sábà fi táúrìn tó ìwọ̀n ti ológbò sí i. Owó tó o fi ń ra agolo mílíìkì kan, fi ra ọkàn adìyẹ. Sè é, gé e wẹ́wẹ́, pín in sínú ọ̀rá kéékèèké, kó o bẹ lándílọ́ọ̀dù kó bá ẹ tọ́jú ẹ̀ sí fíríìsà. Tó o bá tún ti lówó díẹ̀, ra oúnjẹ ológbò tí wọ́n wọ̀n, kó o fi ṣe ìdajì. Ohun kan tó o kò béèrè: má ṣe fún un ní parasitamọ́ọ̀lù láéláé, ì báà ṣe ìdajì hóró, bí ara rẹ̀ bá gbóná. Ó ń pa ológbò.

ÌBÉÈRÈ

Dókítà wa àtàtà, a kí yín láti Peckham, London. Ọmọ mi obìnrin ti dẹ́kun ẹran jíjẹ, ó ní ológbò wa náà ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ mọ́. Akọ ni, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ó ń se ẹ̀wà, ọ̀dùnkún àti ẹ̀fọ́ fún un. Ológbò náà á gbóòórùn rẹ̀, á wá wo ojú mi. Ẹ bá mi dá sí i kó má di ìjà.
Ìyá Kẹ́mi

ÌDÁHÙN

Ẹ kú àárọ̀ òtútù, Ìyá Kẹ́mi. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ wa pé àánú tó ní sí ẹranko ló mú un dé ibi tó dé, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Nítorí àánú yẹn ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá yàn láti má jẹ ẹran yàn án fúnra rẹ̀, ara rẹ̀ sì lè gbà á. Ara ológbò ò gbà á. Ẹ̀wà àti ọ̀dùnkún tí wọ́n sè nílé kò ní táúrìn rárá, kò ní fítámì A tí ara rẹ̀ lè lò, bẹ́ẹ̀ ni kò ní irú ọ̀rá tó jẹ́ pé ara ẹran nìkan ló ti lè rí i. Òfin ìtọ́jú ẹranko ti ọdún 2006 níbẹ̀ sì sọ ọ́ di ojúṣe ẹni tó ń sin ẹranko láti fún un ní oúnjẹ tó bá ara rẹ̀ mu.

Mo mọ̀ pé wọ́n ń ta oúnjẹ ológbò tí kò lẹ́ran nínú níbẹ̀, tí wọ́n fi táúrìn tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ sí. Kẹ́mi lè béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko yín nípa rẹ̀, kò gbọdọ̀ dá a bẹ̀rẹ̀. Èmi ò ní fún akọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá. Ohun tó ti ara ewéko wá máa ń jẹ́ kí ìtọ̀ ológbò yí padà, kó sì tètè dá èérún bí iyanrìn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ihò ìtọ̀ akọ tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ ilé mi ni pé màá lọ ra oúnjẹ inú agolo, kì í ṣe gbígbẹ, torí omi inú rẹ̀ sún mọ́ ti èlírí. Ẹ wo ara agolo náà dáadáa. Èyí tí wọ́n kọ complete sí ló pé láyè ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ complementary sí, ìpápánu ni, ì báà jẹ́ odidi ẹja ló wà nínú rẹ̀. Bí Kẹ́mi ò bá fẹ́ fọwọ́ kan ẹran, kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ ó máa ṣí agolo, kí òun máa fọ abọ́, kó máa pààrọ̀ omi rẹ̀, kó sì máa bá a ṣeré. Tí ẹnikẹ́ni bá sì gbé òdòdó lílì wá kí yín, ẹ má jẹ́ kó wọ ilé tí ológbò wà. Ìyẹ̀fun òdòdó rẹ̀ tí ológbò bá lá lára irun ti tó láti pa kídìnrín rẹ̀.

Láti òní, ẹ máa ṣọ́ ibi tó ń tọ̀ sí. Bẹ́ ẹ bá rí i tó ń lọ tó ń bọ̀ síbẹ̀, tó lóṣòó, tó ń ké, tí nǹkan kan kò sì jáde, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Ẹ pe dókítà ẹranko tó ń ṣiṣẹ́ lóru, kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.